Iyùn àti Ẹja Nínú Àpótí Dígí Kan

Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ iyùn. Nígbà tí ènìyàn bá jẹ oyè, nígbà tí ìyàwó bá ń lọ sí ilé ọkọ, tàbí nígbà tí Ọba bá yọ sí gbangba láti Ìga Ìdúńgánràn, iyùn ni a ń rí ní ọrùn àti ní ọrùn-ọwọ́. Síbẹ̀, bí a bá bi àwọn tí ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ léèrè pé kí ni iyùn í ṣe, ẹlòmíràn yóò ní òkúta ni, ẹlòmíràn yóò sì ní igi abẹ́ òkun ni. Ìdáhùn méjèèjì kò tọ̀nà. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni iyùn, ìran ẹranko ni í sì í ṣe. Ó ní ẹnu, ó ń jẹun, ó ń bímọ, ó sì ń kú. Egungun rẹ̀ ni a ń lu ihò sí tí a sì ń sín sí okùn.

Ní àkókò tiwa yìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń sin iyùn láàyè nínú ilé, nínú àpótí dígí tí omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, tí ẹja aláràbarà sì ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni, bí ẹni fi àwòrán kọ́ ara ògiri. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń náwó lé e lórí, tí kí oṣù kan tó pé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ á ti kú tán. Ẹni náà rò pé ẹja àti iyùn ni òun ń sìn. A fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni ó yẹ kí ó máa sìn. Bí omi bá wà ní àlàáfíà, ẹja àti iyùn yóò bójú tó ara wọn dé ìwọ̀n tí ó pọ̀. Bí ó bá sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé omi ṣòro láti sìn, ọ̀sà tiwa tí ó yí Erékùṣù Èkó ká yóò jẹ́rìí sí i láìpẹ́.

Kí a kọ́kọ́ mọ ẹ̀dá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn amòye Yúróòpù pàápàá ka iyùn mọ́ ewéko. Ní ọdún 1706 ni ọlọ́lá ará Ítálì kan, Luigi Ferdinando Marsigli, fi ẹ̀ka iyùn tútù sínú omi òkun nínú ohun èlò kan, tí ó sì rí i tí àwọn ohun funfun kéékèèké yọ jáde lára rẹ̀ bí òdòdó. Ó kéde pé òun ti rí òdòdó iyùn, inú gbogbo ayé ọ̀mọ̀wé sì dùn. Lẹ́yìn èyí ni oníṣègùn ará Marseille kan, Jean-André Peyssonnel, tún wo ohun kan náà pẹ̀lú sùúrù. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí a bá fọwọ́ kan “òdòdó” wọ̀nyí, wọ́n a sá wọlé. Nígbà tí omi bá rọlẹ̀, wọ́n a tún yọ jáde, wọ́n a sì na ọwọ́. Ó sọ pé ẹranko ni wọ́n. Àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ní Paris kò gbà á gbọ́, títí ó fi di pé ní ọdún 1751 ó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn amòye ní London. Ẹ wò ó bí ó ti jẹ́ pé inú ohun èlò omi lórí tábìlì ni a ti kọ́kọ́ mọ òtítọ́ nípa iyùn. Ojú méjì wo ohun kan náà, ọ̀kan rí òdòdó, èkejì rí ẹnu.

Ẹ̀dá kan ṣoṣo nínú iyùn kéré gan-an. Ó dàbí àpò tí ó ní ẹnu kan, tí àwọn ìka wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Nínú ìka wọ̀nyí ni oró wà, èyí tí ó fi ń ta ohun abẹ̀mí kéékèèké tí omi bá gbé kọjá, tí yóò sì fà wọ́n sí ẹnu. Ní abẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń kọ́ ilé líle, láti inú irú èròjà kan náà tí ìgbín fi ń ṣe ìkarahun. Yóò bí òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, òmíràn yóò tún bí òmíràn, ògiri wọn yóò sì so mọ́ ara, gẹ́gẹ́ bí yàrá ti ń so mọ́ yàrá nínú agbo ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ti òkè wà láàyè. Abẹ́ wọn jẹ́ ilé òfo tí àwọn ìṣáájú kọ́ sílẹ̀. Báyìí ni iyùn ṣe ń di òkìtì ńlá nínú òkun, tí ọkọ̀ ojú omi fi ń fọ́ sí i lára.

Ṣùgbọ́n ohun àrà jù lọ kò tíì hàn. Nínú ẹran ara iyùn tí ń kọ́ òkìtì ni àwọn ewéko kan ń gbé, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Ewéko wọ̀nyí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ bí ewé ìlá tàbí ewé àgbàdo ti ń ṣe, wọ́n sì ń fún onílé wọn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Onílé náà ń fún wọn ní ibùgbé àti ẹ̀gbin ara rẹ̀, èyí tí í ṣe ajílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sin irú iyùn yìí ní láti máa rò ó bí ẹranko àti bí oko lẹ́ẹ̀kan náà.

Iyùn pupa tí àwọn ìjòyè wa ń lò kì í ṣe ti irú èyí. Òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń wá, láti etí Ítálì àti ti apá àríwá Áfíríkà, níbi tí ó ń hù sí abẹ́ àpáta tí ó ṣókùnkùn. Kò ní ewéko nínú ara, kò sì fẹ́ oòrùn. Àwọn Pọ́túgí ni ó kó o wá sí Bìní láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún wá, ọ̀nà Bìní sì ni ọ̀pọ̀ nínú àṣà ìlò rẹ̀ gbà dé ààfin Èkó. Ó ń pẹ́ dàgbà púpọ̀: sísanra ẹ̀ka rẹ̀ kò tó mìlímítà kan lọ́dún. Kí ẹ rò ó wò nígbà tí ẹ bá tún rí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ó nípọn bí àtàǹpàkò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ka tí a gé e lára rẹ̀ ti wà nínú òkun ṣáájú kí baba ńlá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tó bí baba rẹ̀. (Àwa kò sọ ti èyí tí wọ́n fi ike ṣe, tí ó kún ọjà lónìí.)

Ó yẹ kí ẹnìkan béèrè wàyí pé, nígbà tí òkun wà níwájú wa, tí ọ̀sà wà lẹ́yìn wa, tí oòrùn sì ń ràn lórí méjèèjì, èé ṣe tí kò sí òkìtì iyùn ní Èkó? A lè rí àwọn iyùn kan ní àyíká erékùṣù São Tomé àti Príncipe, àti ní Cape Verde, ṣùgbọ́n kò sí òkìtì iyùn ńlá ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí bí ó ti wà ní ìhà Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà. Omi ni ó fà á. Àwọn odò ńlá ń tú omi tútù àti ẹrẹ̀ sínú òkun wa, ẹrẹ̀ sì ń ba ìmọ́lẹ̀ jẹ́, ó sì ń bo ẹnu iyùn mọ́lẹ̀. Ní àwọn apá etíkun kan, omi tútù a tún máa rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní àkókò kan nínú ọdún.

Ọ̀sà Èkó ni ó burú jù fún un. Odò Ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn sínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni òkun gbà ń wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a borí, omi a sì níyọ̀. Nígbà tí òjò bá dé ní oṣù kẹfà, odò a borí, iyọ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kí ó wo ewéko olódòdó àlùkò nì tí ń léfòó tí ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní omi Bàdágìrì. Ní àkókò òjò a bo ojú ọ̀sà; nígbà tí iyọ̀ bá padà dé, a rọ, a sì kú. Epìyà, akàn àti edé ti kọ́ láti fara da ìyípadà yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kún ọjà Èbúté Èrò. Iyùn kò kọ́ ọ. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí omi òní rí bí omi àná.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí àpótí dígí. Ohun tí ẹni tí ń sin iyùn dáwọ́ lé ni pé kí ó fi omi díẹ̀ ṣe iṣẹ́ òkun tí kò ní òpin. Nínú òkun, bí ẹja kan bá kú, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú àpótí tí ó gba 200 lítà, ẹja kan tí ó kú sí ẹ̀yìn òkúta tí a kò rí i lè pa gbogbo àwọn yòókù.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe àṣeyọrí nínú èyí ni Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster ní London. Ní ọdún 1846 ó kó iyùn kéékèèké láti etíkun Torquay wá sí London, ibi tí kò ti sí omi òkun tuntun tí yóò máa fi pààrọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ohun tí ń tán nínú omi ni afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sínú èkejì lójoojúmọ́ ní ojú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń da ògì gbígbóná sókè sódò láti mú un tutù. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé ni ó ń ṣe é, ó sì tọ́ kí a rántí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nì ni ẹ̀rọ ń ṣe lónìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá náà fi ewéko òkun kún un, èyí tí ó ń dá afẹ́fẹ́ padà sínú omi. Àwọn iyùn náà wà láàyè fún ọdún mélòó kan. Ní ọdún 1853 ni a ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko ìlú London. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí iyùn ti ilẹ̀ olóoru tó gbé inú àpótí dígí ní ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1961 ni Lee Chin Eng, ará Jakarta, kọ̀wé nípa ọ̀nà tirẹ̀: ó kó òkúta láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun abẹ̀mí tí ó wà lára rẹ̀, ó fi wọ́n sínú àpótí, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Òkúta náà ni ó ń fọ omi. Ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ń tọ̀.

Báwo ni òkúta ṣe lè fọ omi? Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ẹja ń yàgbẹ́, ó sì ń tọ̀. Oúnjẹ tí ó kù a máa jẹrà. Láti inú gbogbo wọn ni oró kan ti ń jáde tí a ń pè ní amóníà, òun náà ni ó ń rùn sí wa nímú ní ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ẹja. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, tí amóníà jẹ́ oúnjẹ fún, wọ́n a sì sọ ọ́ di oró kejì tí ń jẹ́ náítíráìtì. Irú kòkòrò mìíràn a jẹ oró kejì yìí, a sì sọ ọ́ di ohun kẹta, náítíréètì, tí kò léwu púpọ̀, tí ewéko sì ń lò bí ajílẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ inú òkúta ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí fi ṣe ilé. Wọn kì í pọ̀ ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n yóò fi omi iyọ̀, yanrìn àti òkúta sínú àpótí, yóò ju edé òkú kan sí i kí ó jẹrà, yóò sì dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí yóò máa wọn omi wò títí amóníà àti oró kejì yóò fi tán níbẹ̀ pátápátá. Láàárín àkókò yìí, òun kò ní ẹja kan ṣoṣo tí yóò fi han àlejò. Àwa rí i pé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n a ra àpótí ní òwúrọ̀, wọ́n a sì ra ẹja ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ní ti iyọ̀, ìṣirò rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé ìwé lọ. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ bí 35 gíráàmù. Nítorí náà àpótí 200 lítà ń fẹ́ kìlógíráàmù 7. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, nítorí iyọ̀ òkun ní kálísíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù àti àwọn èròjà mìíràn tí a ti yọ kúrò nínú èyí tí a ń jẹ. Omi tí a óò fi pò ó kò gbọdọ̀ jẹ́ omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ọ̀sà ti wọ̀ lára, tàbí omi ẹ̀rọ tí a fi oògùn sí. Omi tí a fi ẹ̀rọ sẹ́ títí tí kò fi ku ohun kan nínú rẹ̀ ni. Àwọn kan ń bi wá pé, ṣé kí wọ́n má lọ pọn omi òkun ní Tarkwa Bay? Ìdáhùn wa ni pé ibẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀sà àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi jù. A kò lè mọ iyọ̀ tàbí epo tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ti àná.

Nígbà tí omi bá wá wà nínú àpótí, ooru Èkó yóò máa fà á lọ sókè, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí lítà 20 bá gbẹ nínú 200 tí a kò sì dá a padà, kìlógíráàmù 7 náà ti wà nínú lítà 180, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 39 nínú lítà kan. Omi tí kò ní iyọ̀ ni a ń fi dí ohun tí ó gbẹ, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fi omi iyọ̀ dí i ń fi iyọ̀ kún iyọ̀.

Ìwúwo rẹ̀ náà yẹ kí a sọ. Lítà 200 lé ní kìlógíráàmù 200 láìka dígí àti òkúta mọ́ ọn. Nínú àwọn ilé alájà àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ilẹ̀ òkè wọn jẹ́ pákó, ìsàlẹ̀ ilé ni kí a gbé e sí.

Iná mànàmáná ni ìṣòro tí ó pọ̀ jù lọ fún wa ní Èkó. Àpótí yìí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bí wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́ nítorí ewéko tí ń gbé inú ara iyùn; ó ń fẹ́ pọ́ǹpù tí yóò máa yí omi kiri ní ọ̀sán àti ní òru, nítorí iyùn kò lè rìn lọ wá oúnjẹ, omi ni ó ń gbé e wá fún un. Nígbà tí iná bá lọ, omi a dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí tán. Omi tí ó gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra, nítorí náà ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn mú jù, ewu rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n Celsius 25 tàbí 26 ni ó dára fún iyùn. Ní ilẹ̀ òyìnbó wọ́n ń ra ohun tí ń mú omi gbóná; níhìn-ín, fáànù tí ń fẹ́ sí ojú omi ni a nílò, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fi bátìrì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi nígbà tí kò bá sí iná. Kí ẹni tí kò ní ohun èyí má ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìlànà líle ni, a mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹ̀dá ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ooru bá pọ̀ jù fún ọjọ́ mélòó kan, iyùn a lé àwọn ewéko inú ara rẹ̀ jáde. Àwọ̀ rẹ̀ a lọ, a funfun bí egungun, ebi a sì pa á kú bí wọn kò bá padà wá. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun gbangba. Ó ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé ní ọdún 1998, ó sì tún ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2014 sí 2017. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn amòye Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ òkun kéde pé ẹ̀ẹ̀kẹrin rẹ̀ ti dé. Ohun tí fáànù kékeré ń gbà là nínú yàrá kò sí ẹni tí ó ní fáànù rẹ̀ fún òkun.

Ẹja wo ni ó lè bá iyùn gbé? Kì í ṣe gbogbo ẹja aláràbarà ni. Ẹja tí òyìnbó ń fi orúkọ ayékòótọ́ pè nítorí ẹnu rẹ̀ a máa bu iyùn jẹ pẹ̀lú òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹja labalábá kò ní oúnjẹ mìíràn ju iyùn lọ. A kì í fi ewúrẹ́ ṣọ́ oko iṣu. Àwọn tí ó dára ni ẹja kéékèèké tí ń gbé inú yanrìn, àti ẹja aláwọ̀ ọsàn tí ó ní ìlà funfun, tí ń gbé láàárín ìka olóró ìbátan iyùn kan ní òkun India àti Pàsífíìkì tí oró náà kò sì ràn án. Ó yẹ kí wọ́n kéré níye: nínú 200 lítà, ẹja kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ díẹ̀ ń bọ́ iyùn; ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewéko olóòórùn a hù bo òkúta, a sì bo iyùn mọ́lẹ̀ bí èpò ti ń bo ẹ̀fọ́. Ìgbín òkun kéékèèké ni a fi ń roko náà.

Àwọn iyùn fúnra wọn kì í ṣe aládùúgbò rere. Ní òru, àwọn mìíràn a na ìka gígùn jáde, wọ́n a sì ta ẹni tí ó sún mọ́ wọn títí ẹran ara rẹ̀ yóò fi bọ́. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni, irú èyí tí àwa ará Èkó mọ̀ dáadáa. Kí a fi àyè sí àárín wọn, kí a sì rántí pé wọn yóò dàgbà.

Ohun kan wà tí ó mú kí sísin méjèèjì pọ̀ le ju sísin ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Nígbà tí ẹja bá ṣàìsàn tí ara rẹ̀ sì kún fún ààmì funfun, oògùn tí ó sábà máa ń wò ó ní bàbà nínú. Bàbà yìí kan náà ni ó ń pa iyùn, edé àti ìgbín. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ ní àpótí kékeré kejì, níbi tí ẹja tuntun yóò ti dá gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó wọ inú ilé. Bákan náà, bí iyùn ti ń kọ́ ilé ni ó ń lo kálísíọ̀mù inú omi. Omi òkun ní 400 mìlígíráàmù nínú lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, onítọ̀hún yóò máa wọ̀n ọ́n, yóò sì máa dá ohun tí ó tán padà.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nítorí a ṣàlàyé rẹ̀ ni a ṣe ń rán gbogbo ènìyàn lọ ra iyùn. Iyùn líle tí ń kọ́ òkìtì wà lára àwọn ẹ̀dá tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fi òfin dè, tí a kò gbọdọ̀ kó kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ. Èyí tí ó tọ́ kí a rà ni èyí tí a bí nínú àpótí dígí. A ń gé ẹ̀ka iyùn, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, yóò sì hù bí igi ẹ̀gẹ́ tí a gé gbìn. Ẹni tí ó ní ọ̀kan lè fún aládùúgbò rẹ̀ láìfọwọ́ kan òkun.

Fún àwa tí a ó máa kọ́ àwọn ọmọdé, ọ̀sà ni a rò pé ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Epìyà ọ̀sà Èkó, irú èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, lè gbé nínú omi iyọ̀ àti nínú omi tí kò ní iyọ̀, kò sì ń bèèrè ìmọ́lẹ̀ olówó gọbọi. Inú àpótí kan pẹ̀lú òkúta díẹ̀ ni kíláàsì yóò ti rí i bí kòkòrò àìfojúrí ti ń fọ omi. Bí àwọn ọmọ bá sì ní sùúrù, wọ́n lè rí akọ rẹ̀ tí ó kó ẹyin sí ẹnu, tí kò sì jẹun títí wọn yóò fi pa.

Kí olùkọ́ sì mú lítà kan omi láti Èbúté Èrò ní oṣù kejì, àti lítà kan láti ojú ibi kan náà ní oṣù keje. Kí ó fi aṣọ tí ó mọ́ sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò, kí ó sè é nínú ìkòkò tánganran títí yóò fi gbẹ, kí ó gbé ohun tí ó kù lé ìwọ̀n, kí ó sì kọ iye gíráàmù méjèèjì sí ara pátákó, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Kí ó wá kọ 35 sí òkè wọn, èyí tí í ṣe ti òkun, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí kò fi sí iyùn ní ọ̀sà Èkó.